Bọ́tà, Bisikíìtì àti Agolo Aláwòrán: Ìtàn Ohun Jíjẹ Kan ní Ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì

Agolo bisikíìtì tí ó ti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì wá kò ṣàjèjì sí àwọn ará ìlú ńlá ní ibi púpọ̀ ní ayé. Agolo náà rí roboto, àwọ̀ búlúù ni wọ́n sábà fi ń kùn ún, ìdérí rẹ̀ a sì máa le tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé èékánná ni a fi ń ṣí i. Bí a bá ṣí i, a ó bá bisikíìtì kéékèèké tí a fi bọ́tà pò, tí a tò sínú ìwé funfun tí a ṣe bí ife: òmíràn rí bí òrùka, òmíràn bí okùn tí a ta ní kókó, òmíràn rí pẹlẹbẹ, a sì bu ṣúgà wọ́n ọn lórí. Lójú ìdérí agolo ilé-iṣẹ́ Royal Dansk, àwòrán ilé àgbẹ̀ àtijọ́ kan ni ó wà níbẹ̀, ilé onígi tí a fi koríko bò lórí. Ilé náà kì í ṣe àlá ayàwòrán lásán. Ó wà ní Gummerup, ní erékùṣù Fyn, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ohun tí àwòrán náà ń sọ fún ẹni tí ó ń wò ó ni pé láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bisikíìtì náà ti jáde wá, pé ìyá àgbà kan ni ó po ìyẹ̀fun rẹ̀, pé màlúù tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni ó pèsè wàrà rẹ̀. Irọ́ pátápátá kọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì òtítọ́. Ogun tí orílẹ̀-èdè kan pàdánù, ọjà ọkà tí ó dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀rọ tí ń yọ ọ̀rá lára wàrà, ojú ọmọ tálákà tí ó fọ́, ìrèké tí àwọn ẹrú gé: gbogbo wọn ni ó wà nídìí agolo yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó hàn lójú ìdérí.

Ọdún 1864 ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà ni ilẹ̀ Prussia àti ilẹ̀ Austria dojú ogun kọ Dẹ́nmáàkì nítorí ọ̀ràn Schleswig àti Holstein, àwọn agbègbè ìhà gúúsù tí ọba Dẹ́nmáàkì ń ṣe olórí wọn. Ní oṣù kẹrin ni odi Dybbøl ṣubú. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Vienna. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba náà ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan bí 200,000 ènìyàn tí èdè Dẹ́nmáàkì jẹ́ èdè abínibí wọn sì di ará ilẹ̀ àjèjì láìkúrò nínú ilé baba wọn.

Bí ọgbẹ́ ogun ti ń jinná ni ìyà mìíràn tún yọjú. Ọkà ni àwọn àgbẹ̀ Dẹ́nmáàkì ti ń tà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1870, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí kó ọkà wá sí Yúróòpù láti Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, iye owó ọkà sì já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ kò rí èrè jẹ mọ́. Ilẹ̀ Jámánì sá sábẹ́ owó ibodè ní ọdún 1879; wọ́n bu owó lé ọkà àjèjì kí ti ilé lè tà. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ọkà ọ̀pọ̀ náà wọlé, wọ́n sì fi bọ́ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ pa wọ́n ni wọ́n sọ di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn wọn, bọ́tà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì gbé lọ sí ọjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì dípò ọkà.

Kì í ṣe ọkà àjèjì nìkan ni àwọn màlúù náà jẹ. Ní ọdún 1871 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Aarhus láti máa fún òróró lára èkùrọ́. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni èkùrọ́ ti ń wá ní àkókò náà. Èkó pàápàá wà nínú àwọn èbúté tí ń kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù, Hamburg sì ni púpọ̀ nínú ti Èkó ń gúnlẹ̀ sí. Òróró rẹ̀ a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, ìyókù tí a ti fún gbẹ a sì di oúnjẹ màlúù. Obìnrin tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó ń fi òkúta pa èkùrọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò lè mọ̀ pé irú èkùrọ́ ọwọ́ òun ń di bọ́tà ní orí tábìlì àwọn ará London.

Ṣíṣe bọ́tà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré nígbà náà, iṣẹ́ obìnrin sì ni. Wọn a da wàrà sínú àwo pẹlẹbẹ, wọn a gbé e sí ibi tútù títí ọ̀rá yóò fi léfòó, wọn a bù ú kúrò lójú wàrà, wọn a sì máa gún un nínú agbada igi títí yóò fi dì. Àgbẹ̀ ńlá tí ó ní ọgọ́rùn-ún màlúù, tí ó sì ní yìnyín nípamọ́, lè ṣe bọ́tà tí ó dára. Àgbẹ̀ kékeré tí ó ní màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò lè rí wàrà tí ó tó kó jọ ní ọjọ́ kan. Bọ́tà tirẹ̀ a máa kan, oníṣòwò a sì rà á ní iye tí ó bá wù ú. Ẹ̀rọ kan ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ní ọdún 1878 ni Gustaf de Laval, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣe ẹ̀rọ tí ń fi wàrà yí bìrìbìrì, tí ọ̀rá fi ń ya sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní Copenhagen. Ẹ̀rọ náà kò bìkítà bóyá wàrà tí a dà sínú rẹ̀ ti ara màlúù ẹnìkan wá tàbí ti ara màlúù gbogbo abúlé. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, apá àgbẹ̀ kékeré kan ṣoṣo kò sì ká a.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 1882, ní Hjedding, abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Jutland, àwọn àgbẹ̀ pàdé, wọ́n sì gbà láti dá ilé wàrà kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ ti gbogbo wọn. Stilling Andersen, tí ó mọ iṣẹ́ wàrà, ni ó wà nídìí ètò náà. Ìlànà ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù irú èyí kò ṣòro. Olúkúlùkù yóò máa gbé wàrà rẹ̀ wá, àfi èyí tí ilé rẹ̀ bá mu. A ó yọ ọ̀rá, a ó sì dá ìyókù padà fún un kí ó fi bọ́ ẹran rẹ̀. Èrè tí bọ́tà bá mú wá, a ó pín in bí wàrà ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ti pọ̀ tó. Gbèsè tí wọ́n jẹ láti ra ẹ̀rọ, gbogbo wọn ni ó dúró fún un. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ń tàn káàkiri, òfin kan di ìmọ̀ràn ẹnu láàrin wọn, pé orí ènìyàn ni a ó máa kà bí a bá ń dìbò, kì í ṣe orí màlúù. Ẹni tí ó ní màlúù méjì àti ẹni tí ó ní ọgọ́ta, ohùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Nígbà tí ó fi di ọdún 1900, ilé wàrà alájẹṣẹ́kù ti lé ní 1,000 ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì. Ní ọdún 1901 ni wọ́n fi àmì kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin fún bọ́tà wọn: àwòrán lur, fèrè idẹ àtayébáyé tí a wú jáde láti inú ilẹ̀ irà, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fò dá. Bí bọ́tà ti kúrò nínú ilé tí ó bọ́ sí ilé ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ó kúrò lọ́wọ́ obìnrin tí ó bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin. Àwọn obìnrin tí ó ti fi iṣẹ́ náà gba orúkọ ní ìrandíran di ẹni tí ń fún wàrà lásán, tí ọkùnrin sì ń gbé e lọ.

Bí a bá bèèrè ibi tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ti kọ́ bí a ti ń jókòó pọ̀ tí a sì ń fọkàn tán ara ẹni, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé a máa tọ́ka sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ará oko tí èrò N. F. S. Grundtvig bí. Àkọ́kọ́ wọn ṣí ní Rødding ní ọdún 1844. Kò sí ìdánwò níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù, tí iṣẹ́ oko bá dáwọ́ dúró, àwọn ọ̀dọ́ a wá gbé ibẹ̀, wọn a kọ́ ìtàn ilẹ̀ wọn, orin wọn àti èdè abínibí wọn. Nígbà tí Rødding bọ́ sábẹ́ Prussia, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọjá ibodè, wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Askov ní ọdún 1865. Ẹni tí ó bá ń wí pé kíkọ́ èdè ìyá ẹni kò lè mú owó wọlé, kí ó lọ ka iye agba bọ́tà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí tà.

Ṣùgbọ́n ìtàn bọ́tà yìí ní apá kan tí ó korò. Bọ́tà ti di owó, ẹni tí ó sì ń wá owó kì í jẹ ọjà rẹ̀. Ní ọdún 1869 ni Hippolyte Mège-Mouriès, ọmọ ilẹ̀ Faransé, hùmọ̀ màgaríìnì, ní ọdún 1883 sì ni Otto Mønsted bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Aarhus. Láìpẹ́, àwọn ará Dẹ́nmáàkì tí ń ta bọ́tà dáradára fún ẹlòmíràn di ara àwọn tí ń jẹ màgaríìnì jù lọ ní ayé. Àwọn ọmọ tálákà ni ó san gbèsè rẹ̀. Láàrin ọdún 1910 sí 1920, Carl Bloch, dókítà àwọn ọmọdé ní Copenhagen, ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹyin ojú wọn gbẹ, tí ó ń jẹrà, tí wọ́n sì ń fọ́jú. Ó wádìí oúnjẹ wọn. Wàrà tí ẹ̀rọ ti yọ ọ̀rá rẹ̀ tán ni, àti búrẹ́dì, àti ọkà sísè, àti màgaríìnì. Ìyá tí ó bá fi ṣíbí bu ọ̀rá kúrò lójú wàrà yóò ṣì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ní ọdún 1913 ni E. V. McCollum àti Marguerite Davis ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ohun kan wà nínú ọ̀rá bọ́tà tí ara kò lè ṣe aláìní, èyí tí a mọ̀ lónìí sí fítámì A. (Epo pupa, tí àwọn ará Yúróòpù ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, kún fún ohun tí ara fi ń ṣe fítámì yìí kan náà.)

Ní ọdún 1917, ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ abẹ́ omi ri gbogbo ọkọ̀ tí ó bá kọjú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́tà kò rí ọ̀nà jáde bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ohun èlò màgaríìnì kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ní ìparí ọdún náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi òṣùwọ̀n pín bọ́tà fún ìdílé gbogbo, olówó àti tálákà. Ní ọdún 1918 àrùn ojú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nígbà tí ogun parí, tí bọ́tà tún bẹ̀rẹ̀ sí rékọjá òkun, àrùn náà padà dé. Ogun ni ó fún àwọn ọmọ Dẹ́nmáàkì ní bọ́tà ilẹ̀ wọn jẹ.

Bọ́tà nìkan kì í sì í ṣe bisikíìtì. Ṣúgà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn ará Dẹ́nmáàkì ti ní odi ní Christiansborg, ní Osu tí ó wà ní Accra, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó ẹrú lọ sí àwọn erékùṣù wọn ní Karibíà, St. Thomas, St. John àti St. Croix. Ìrèké St. Croix ni ó sọ Copenhagen di ìlú ṣúgà. Ní ọdún 1792 ni ọba wọn pàṣẹ pé kí òwò ẹrú lórí òkun dópin, wọ́n sì máa ń fi èyí yangàn pé àwọn ni ó ṣáájú ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 1803, kí àwọn olóko lè rí àyè ra ẹrú tí yóò tó wọn. Ní oṣù keje ọdún 1848, àwọn ẹrú St. Croix dìde fúnra wọn, gómìnà Peter von Scholten sì kéde òmìnira. Wọ́n ta Christiansborg fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850, wọ́n sì ta àwọn erékùṣù náà fún Amẹ́ríkà ní ọdún 1917. Wọn kò nílò ìrèké tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí láti ọdún 1872 ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń ṣe ṣúgà láti ara gbòǹgbò bíìtì tí ń hù ní ilẹ̀ wọn.

Bisikíìtì tí ó rí bí òrùka ni wọ́n ń pè ní vaniljekrans, èyí tí orúkọ fánílà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni fánílà ti ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gbé e lọ sí erékùṣù Réunion nínú òkun Íńdíà, ó ń tanná ṣùgbọ́n kò so, nítorí kòkòrò tí ń bá a gbé òdòdó rẹ̀ pàdé kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 1841, ọmọdékùnrin ẹrú kan, ọmọ ọdún 12, tí ń jẹ́ Edmond, fi igi tínínrín àti àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kòkòrò náà, òdòdó sì so. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo olóko fánílà gbà lò, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí di òní. Ní ọdún 1848 tí ó gba òmìnira ni wọ́n fún un ní orúkọ ìdílé, Albius. Ó kú ní ọdún 1880 nínú ìṣẹ́.

Nígbà tí ààrò irin wọ inú ilé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ṣúgà sì dínwó, yíyan àkàrà kéékèèké di iṣẹ́ tí ìyàwó ilé gbogbo lè ṣe, pàápàá ní ìgbà Kérésìmesì. Ibi tí àṣà náà ti gbilẹ̀ jù lọ ni agbègbè Schleswig ti àríwá, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Jámánì. Àwọn tí ń sọ èdè Dẹ́nmáàkì níbẹ̀ kọ́ ilé ìpàdé tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń kọrin wọn tí wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ọtí títà. Bí ọtí kò bá sí, kọfí wà. Obìnrin kọ̀ọ̀kan a gbé àkàrà tirẹ̀ wá láti ilé, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ti ẹnìkejì borí tirẹ̀. Báyìí ni tábìlì kọfí ṣe di èyí tí a ń fi oríṣi méje tí ó rọ̀ àti oríṣi méje tí ó le kún. Àwọn ọlọ́pàá lè ka ìwé, wọ́n lè gbọ́ orin, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n lè rí wí sí àkàrà? Ní ọdún 1920, nígbà tí àwọn ará agbègbè náà dìbò tí wọ́n sì padà sábẹ́ Dẹ́nmáàkì, tábìlì kọfí náà kò parẹ́. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Agolo kò ti Dẹ́nmáàkì ṣẹ̀. Ní ọdún 1810 ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní London lórí fífi ohun jíjẹ pa mọ́ sínú irin tí a fi tánganran bò. Ní ìlú Reading, níbi tí Joseph Huntley ti ṣí ilé bisikíìtì ní ọdún 1822, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ń kó èrò máa ń dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èrò ń ra bisikíìtì, ó sì ń rún mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àpótí tánganran fún wọn. Ọ̀tá méjì ni bisikíìtì ní, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́: ọ̀rinrin a sọ ọ́ di ohun rírọ̀, afẹ́fẹ́ a sì mú kí bọ́tà inú rẹ̀ kan. Agolo tí ó dé dáradára ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1868 ni ilé-iṣẹ́ Huntley àti Palmer kọ́kọ́ tẹ àwòrán sí ara agolo, Owen Jones ni ó sì ya iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ní ọdún 1875 ni Robert Barclay rí ọ̀nà tí ó yá jù: òkúta tí a ya àwòrán sí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ara ohun rírọ̀, ohun rírọ̀ náà ni yóò sì wá tẹ̀ ẹ́ sí irin, nítorí òkúta àti irin, líle àti líle, kì í gba ara wọn mọ́ra. Láti ìgbà náà ni agolo ti di ohun tí ènìyàn ń rà nítorí agolo fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1933 ni tọkọtaya kan, Marinus àti Anna Kjeldsen, ṣí ilé búrẹ́dì ní Nørre Snede ní Jutland, bisikíìtì bọ́tà wọn sì di ọjà tí ń rékọjá òkun. Ilé-iṣẹ́ Royal Dansk bẹ̀rẹ̀ ní Helsingør ní ọdún 1966. Ní ọdún 1990 ni àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Ní Hong Kong àti ní ilẹ̀ Ṣáínà, agolo Kjeldsens di ẹ̀bùn tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń gbé lọ kí ara wọn ní ọdún tuntun wọn. Òun ni ó mú kí Campbell, ilé-iṣẹ́ ọbẹ̀ inú agolo ti Amẹ́ríkà, ra gbogbo rẹ̀ ní ọdún 2013 ní 325 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2019 ni Campbell tún tà á fún ilé-iṣẹ́ tí ó so mọ́ Ferrero ní 300 mílíọ̀nù. Níbi irú títà báyìí, owó ni a ń kà, a kì í ka orí ènìyàn.

Bisikíìtì a máa tán ní ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n agolo kì í tán. Ní Copenhagen, ní Hong Kong, ní Èkó àti ní ilé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé London, ọ̀kan náà ni ohun tí àwọn ìyá ń fi í ṣe: abẹ́rẹ́, òwú oríṣiríṣi, bọ́tìnnì tí ó já lára aṣọ tí a kò mọ èwo, àti sísọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó kọ́ wọn, kò sì sí ìwé tí ó kọ ọ́ fún wọn. Ọmọ tí ó bá rí agolo náà lórí pẹpẹ, tí ó fi èékánná ṣí i kí ìyá rẹ̀ tó dé, òwú ni yóò bá níbẹ̀.